Ìbámu ríìmù àti táyà pẹ̀lú ọkọ̀ àtijọ́ tí a rẹ̀ sílẹ̀

Ìbámu ríìmù àti táyà ni ìmọ̀ yíyan ríìmù àti táyà tí ó bá ọkọ̀ kan mu: tí ó jókòó dáadáa sórí họ́ọ̀bù, tí kò ha fẹ́ńdà, tí kò kan bíréèkì tàbí ṣọ́ọ̀kì, tí ó sì lè ru ìwúwo ọkọ̀ náà àti ti àwọn tó wà nínú rẹ̀. Ìmọ̀ yìí ṣe pàtàkì fún gbogbo ọkọ̀, ṣùgbọ́n ó gba ìṣọ́ra jù lọ níbi ọkọ̀ àtijọ́ tí ẹni tó ni ín ti rẹ̀ sílẹ̀ kí ó lè sún mọ́ ilẹ̀. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní àyè púpọ̀ mọ́ láàárín táyà àti fẹ́ńdà, ríìmù tó bá a wá láti ilé iṣẹ́ sì lè ti ṣọ̀wọ́n lọ́jà. Ní Nàìjíríà, níbi tí ọ̀pọ̀ táyà ti jẹ́ àlòkù, tí kòtò sì pọ̀ lójú títì, àṣìṣe nínú ìbámu yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà lásán. Ó lè gba ẹ̀mí.

## Ìtàn

Ní ọdún 1839, Charles Goodyear, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ṣàwárí pé bí a bá po rọ́bà mọ́ imí-ọjọ́, tí a sì fi ooru yan án, yóò gbó, kò sì ní máa yọ́ nínú oòrùn mọ́. Orúkọ tí wọ́n fún iṣẹ́ yìí lédè Gẹ̀ẹ́sì ti ara Vulcan wá, òrìṣà iná àwọn ará Róòmù. Láti ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà «fọkanáísà» ti jáde, tí a fi ń pe ẹni tó ń lẹ táyà tó sì ń fún un ní atẹ́gùn ní Nàìjíríà.

Robert William Thomson, ọmọ ilẹ̀ Scotland, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí táyà alátẹ́gùn ní ọdún 1845, ṣùgbọ́n ohun tó ṣe kò tàn kálẹ̀. Ní ọdún 1887, John Boyd Dunlop, oníṣègùn ẹranko tó ń gbé ní Belfast, tún irú táyà bẹ́ẹ̀ ṣe fún kẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀, èyí ni ó sì gbilẹ̀. Okùn inú àwọn táyà ìgbà náà máa ń dábùú ara wọn. Ní ọdún 1946, ilé iṣẹ́ Michelin ní ilẹ̀ Faransé gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí táyà radial, tí okùn inú rẹ̀ gba tààrà láti etí kan dé èkejì. Táyà radial kì í tètè gbóná, ó sì máa ń di ilẹ̀ mú ju ti ìṣáájú lọ. Lẹ́tà R tí a ń rí lára táyà òde òní, òun ni ó dúró fún un.

Ní Amẹ́ríkà, àwọn ọdún 1960 ni ìgbà àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní muscle car, ìyẹn ọkọ̀ tí kò tóbi púpọ̀ ṣùgbọ́n tí wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì ńlá sí. Pontiac GTO àti Ford Mustang jáde ní ọdún 1964. Dodge Charger àti Chevrolet Camaro tẹ̀ lé wọn ní ọdún 1966. Agbára ẹ́ńjìnnì wọn ju ohun tí táyà wọn lè gbà lọ, nítorí pé ríìmù 14 tó tẹ́ẹ́rẹ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn gbé jáde láti ilé iṣẹ́. Àwọn tó ni wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ríìmù tó fẹ̀ sí i, wọ́n sì ń rẹ ọkọ̀ náà sílẹ̀ kí ó lè dúró dáadáa lórí kọ́nà. Láti ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìbámu ti di ẹ̀kọ́ tí àwọn olólùfẹ́ ọkọ̀ àtijọ́ káàkiri ayé ń kọ́.

Ní Nàìjíríà, irú àwọn ọkọ̀ Amẹ́ríkà bẹ́ẹ̀ kò pọ̀. Àwọn tí wọ́n di ọkọ̀ àtijọ́ tí àwọn ènìyàn fẹ́ràn ni Volkswagen tí a mọ̀ sí Ìjàpá, Peugeot 504 àti àwọn Mercedes-Benz àtijọ́. Ní ọdún 1975 ni ilé iṣẹ́ Volkswagen of Nigeria bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní Ọ̀jọ́, ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ọdún yẹn náà sì ni Peugeot Automobile Nigeria bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná. Ìbàdàn pàápàá ní ilé iṣẹ́ Leyland tó ń to ọkọ̀ akẹ́rù pọ̀.

Wọ́n ń ṣe táyà nílé nígbà náà. Dunlop ní ilé iṣẹ́ ní Ìkẹjà, Michelin sì ní tirẹ̀ ní Port Harcourt. Michelin dá iṣẹ́ ṣíṣe táyà dúró ní Nàìjíríà ní ọdún 2007, Dunlop náà sì dá tirẹ̀ dúró ní òpin ọdún 2008. Láti ìgbà náà, táyà tí wọ́n ń kó wọlé láti òkè òkun ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ilẹ̀ wa ń lò.

## Kíkà ohun tí a kọ sára táyà

Ohun gbogbo tí ènìyàn nílò láti mọ̀ nípa táyà wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí a bá rí 205/65R15 94H, ìtumọ̀ rẹ̀ nìyí:

- 205 ni fífẹ̀ táyà ní mìlímítà.
- 65 ni gíga ẹ̀gbẹ́ táyà, tí a fi ìdá ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ rẹ̀ sọ. Ẹ̀gbẹ́ táyà yìí ga ní ìdá 65 nínú 100 ti mìlímítà 205, ìyẹn mìlímítà 133.25.
- R ni táyà radial.
- 15 ni ìwọ̀n ríìmù láti etí kan dé èkejì ní íǹṣì.
- 94 ni òǹkà ẹrù. Òǹkà 94 dúró fún kìlógíráàmù 670 lórí táyà kan. Òǹkà 75 jẹ́ 387, 82 jẹ́ 475, 88 jẹ́ 560, 91 sì jẹ́ 615.
- H ni eré tí táyà náà lè fara dà, ìyẹn kìlómítà 210 ní wákàtí kan. Q jẹ́ 160, S jẹ́ 180, T jẹ́ 190, V sì jẹ́ 240.

Ọjọ́ orí táyà wà nínú òǹkà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú DOT. Láti ọdún 2000, òǹkà mẹ́rin ni ó parí rẹ̀: méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn ni ọdún. Bí ó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019 ni wọ́n ṣe táyà náà. Bí òǹkà ìkẹyìn bá jẹ́ mẹ́ta péré, táyà náà ti wà ṣáájú ọdún 2000, kò sì yẹ kí ó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ kankan mọ́, bí ojú rẹ̀ tilẹ̀ ń dán.

## Ohun tí a ń wò lára ríìmù

### Ihò bóòtù

Ohun àkọ́kọ́ ni iye ihò bóòtù àti fífẹ̀ òbìrìkìtì tí wọ́n wà lórí rẹ̀. 4×100 túmọ̀ sí ihò mẹ́rin lórí òbìrìkìtì tó fẹ̀ ní mìlímítà 100. Nissan Micra àtijọ́ tí wọ́n fi ń ṣe takisí ní Ìbàdàn wà ní 4×100. Toyota Camry àti Honda Accord ti ọdún 2003 sókè wà ní 5×114.3, Mercedes-Benz sì sábà máa ń jẹ́ 5×112. Mustang àtijọ́ tó ní ẹ́ńjìnnì V8 jẹ́ 5×114.3, èyí tó jẹ́ íǹṣì 4.5, Camaro jẹ́ 5×120.65, ìyẹn íǹṣì 4.75. Ìjàpá ìgbà àkọ́kọ́ ní bóòtù márùn-ún lórí mìlímítà 205, àwọn tó tẹ̀ lé e sì ní mẹ́rin lórí 130.

### Ihò àárín

Ríìmù méjì lè ní ihò bóòtù kan náà síbẹ̀ kí wọ́n má bá ọkọ̀ kan náà mu. Ihò àárín ríìmù Toyota Camry jẹ́ mìlímítà 60.1, ti Honda Accord jẹ́ 64.1. Nítorí náà ríìmù Camry kò lè wọ họ́ọ̀bù Accord rárá. Ríìmù Accord á wọ Camry, ṣùgbọ́n àlàfo mìlímítà méjì á ṣẹ́kù yíká. Bí wọn kò bá fi òrùka dí àlàfo náà, ríìmù lè má jókòó sí àárín gan-an, ọkọ̀ á sì máa gbọ̀n bí ó bá ń sáré, bí wọ́n tilẹ̀ ti ṣe bálánsì táyà náà.

### Ẹnu nọ́ọ̀tì

Nọ́ọ̀tì Honda tó bá ọkọ̀ wá láti ilé iṣẹ́ ní ẹnu roboto bíi bọ́ọ̀lù. Ti ọ̀pọ̀ ríìmù alumíníọ́mù Toyota ní ọrùn gígùn àti wáṣà pẹlẹbẹ. Púpọ̀ nínú ríìmù tí wọ́n ń tà lọ́tọ̀ ń fẹ́ nọ́ọ̀tì tí ẹnu rẹ̀ ṣe ṣóńṣó. Bí ẹnu nọ́ọ̀tì kò bá bá ihò ríìmù mu, ibi kékeré ni yóò ti fara kàn án, yóò sì tú díẹ̀díẹ̀ lójú ọ̀nà láìjẹ́ pé ẹni tó dì í ṣe ọ̀lẹ.

### Òǹkà ET

ET jẹ́ ìkékúrú ọ̀rọ̀ èdè Jámánì. Ó ń sọ bí ojú ibi tí ríìmù ti ń kan họ́ọ̀bù ṣe jìnnà sí àárín fífẹ̀ ríìmù tó, ní mìlímítà. Bí ET bá pọ̀, ríìmù á wọ inú lọ sí ọ̀dọ̀ ṣọ́ọ̀kì. Bí ó bá kéré, ríìmù á yọ síta sí ọ̀dọ̀ fẹ́ńdà. Àwọn ọkọ̀ òde òní tí ẹ́ńjìnnì wọn ń yí ẹsẹ̀ iwájú sábà máa ń ní ET tó ju 35 lọ. Ti àwọn ọkọ̀ Amẹ́ríkà àtijọ́ sún mọ́ òdo. Ìdí nìyí tí ríìmù Camry kò fi bá Mustang mu, bí òbìrìkìtì bóòtù wọn tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà.

## Ìṣirò kí a tó ra nǹkan

Ìṣirò méjì ni ó ṣe kókó. Èkíní ni gíga táyà lódindi. Íǹṣì ríìmù ni a ó fi sọ 25.4 di púpọ̀, a ó sì fi gíga ẹ̀gbẹ́ táyà lọ́nà méjì lé e. Táyà 205/65R15 ga ní mìlímítà 647.5. Bí ẹnìkan bá fẹ́ ríìmù 17, táyà 225/50R17 ga ní 656.8, tó jẹ́ pé ìyàtọ̀ kò tó ìdá 1.5 nínú 100. Èyí dára. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ gbà pé kí ìyàtọ̀ má ju ìdá 3 lọ.

Àpẹẹrẹ tí kò dára ni ti Micra. Táyà rẹ̀ láti ilé iṣẹ́ ni 155/70R13, tó ga ní 547.2. Bí wọ́n bá fi 175/70R13 sí i nítorí pé ìyẹn ni wọ́n rí, gíga rẹ̀ di 575.2, ó fi ìdá 5 ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nígbà tí ojú òǹkà eré bá ń fi 100 hàn, ọkọ̀ náà ń sá 105 ní tòótọ́, táyà sì lè máa ha inú fẹ́ńdà bí èrò bá kún.

Ìṣirò kejì jẹ́ ti ríìmù. Kí a sọ pé ríìmù àkọ́kọ́ jẹ́ 7J ET40, èyí tí a fẹ́ rà sì jẹ́ 8J ET30. J yìí ni fífẹ̀ ríìmù ní íǹṣì. Ìdajì íǹṣì 7 jẹ́ mìlímítà 88.9; a ó yọ 40 kúrò, ó ku 48.9, òun ni ó yọ síta kọjá ojú họ́ọ̀bù. Ìdajì íǹṣì 8 jẹ́ 101.6, a ó yọ 30 kúrò, ó ku 71.6. Ríìmù tuntun náà fi mìlímítà 22.7 yọ síta ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ní inú, 88.9 pẹ̀lú 40 jẹ́ 128.9, 101.6 pẹ̀lú 30 jẹ́ 131.6, ó fi 2.7 sún mọ́ ṣọ́ọ̀kì. Ẹni tó bá ti fi rúlà wọn àyè tó wà láàárín táyà àti fẹ́ńdà rẹ̀ yóò mọ̀ kí ó tó náwó bóyá yóò wọ̀ tàbí kò ní wọ̀.

Àwọn kan máa ń fi sípésà sí àárín ríìmù àti họ́ọ̀bù kí ríìmù lè yọ síta. Sípésà ń jẹ nínú gígùn bóòtù. Nọ́ọ̀tì gbọ́dọ̀ wọ ojú okùn bóòtù tó ìwọ̀n sísanra bóòtù náà, ó kéré tán: lórí bóòtù mìlímítà 12 tí okùn rẹ̀ jẹ́ 1.5, ìyẹn jẹ́ ìyípo mẹ́jọ. Bí nọ́ọ̀tì bá ti dì lẹ́yìn ìyípo mẹ́rin, kò yẹ kí ọkọ̀ náà jáde.

## Rírẹ ọkọ̀ sílẹ̀

Ọkọ̀ tí a rẹ̀ sílẹ̀ níwọ̀nba kì í fì púpọ̀ lórí kọ́nà, nítorí pé ìwúwo rẹ̀ sún mọ́ ilẹ̀. Ọ̀nà tí a ń gbà ṣe é yàtọ̀ láti ọkọ̀ dé ọkọ̀. Lórí ọkọ̀ tó ní sípíríǹgì, wọ́n lè fi sípíríǹgì kúkúrú tí wọ́n ṣe fún un sí i, tàbí èyí tí a lè gbé sókè tàbí sílẹ̀. Ìjàpá kò ní irú sípíríǹgì yìí: ọ̀pá irin tó ń lọ́ ni ó gbé e ró níwájú àti lẹ́yìn, yíyí ọ̀pá náà padà ni a fi ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Àwọn tó ń rẹ iwájú Ìjàpá sílẹ̀ sábà máa ń fi táyà tó tẹ́ẹ́rẹ́ síbẹ̀, bíi 145/65R15, kí ó má baà kan fẹ́ńdà nígbà tí sítíárì bá yí. Lẹ́yìn Ìjàpá ìgbà àkọ́kọ́, bí ọkọ̀ bá ti ń lọ sílẹ̀ ni orí táyà ń fà wọnú, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yọ síta.

Gígé sípíríǹgì ni ọ̀nà tó rọrùn jù, òun sì ni ó léwu jù. Sípíríǹgì tí a gé máa ń le ju bí ó ti wà lọ, ó sì lè yẹ̀ kúrò ní ààyè rẹ̀ bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá rọ̀ sílẹ̀ nínú kòtò. Èyí tí a fi iná gáàsì yọ́ kí ó lè wálẹ̀ buru jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé iná ti ba agbára irin náà jẹ́.

Lẹ́yìn tí a bá ti rẹ ọkọ̀ sílẹ̀, ohun mẹ́ta ni ó gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e:

1. Kí a tún àláínmẹ́ǹtì ṣe, nítorí pé bí táyà ṣe dúró ti yí padà. Bí a kò bá ṣe é, etí inú táyà á jẹ tán nígbà tí etí òde ṣì dára, ẹni tó ń wò ó láti ìta kò sì ní mọ̀.
2. Kí a wo ṣọ́ọ̀kì bóyá ó ṣì ní àyè tó láti rìn. Ṣọ́ọ̀kì tó ń kan ìsàlẹ̀ nígbà gbogbo kò ní pẹ́ bàjẹ́.
3. Kí a wo ọ̀nà tí ọ̀pá bíréèkì àti rọ́bà bíréèkì gbà, kí táyà má baà máa ha wọ́n. Rọ́bà bíréèkì tí táyà gé túmọ̀ sí ọkọ̀ tí kò ní bíréèkì.

## Ìdánwò kí ọkọ̀ tó jáde

Kò tó kí a de ríìmù mọ́ ọkọ̀ kí a sì wò ó níbi tó dúró sí. Àwọn oníṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ máa ń yọ sípíríǹgì kúrò, wọ́n á de ríìmù pẹ̀lú táyà, wọ́n á sì fi jáàkì gbé ẹsẹ̀ náà sókè títí tí yóò fi dé ibi tí kò lè kọjá mọ́. Níbẹ̀ ni wọ́n á ti yí sítíárì dé òpin lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ibi tí táyà bá ti kan nǹkan nígbà náà ni yóò ti kan án nígbà tí ọkọ̀ bá kó sí kòtò pẹ̀lú èrò márùn-ún.

Fún ẹni tí kò lè yọ sípíríǹgì, ọ̀nà mìíràn ni kí ó lẹ amọ̀ rírọ̀ mọ́ inú fẹ́ńdà, kí ó kó ènìyàn sínú ọkọ̀, kí ó sì rọra wà á gun gegele. Ibi tí táyà bá ti tẹ amọ̀ náà ni àyè ti dín.

Dídi nọ́ọ̀tì náà ní ìwọ̀n. Ìwé Toyota Camry ní kí a dì í dé 103 N·m, ti Honda Accord ní 108. Ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ gun wíìlì sípánà lè dì í kọjá ìwọ̀n, kí bóòtù sì fà tàbí kí díìsì bíréèkì tẹ̀. Nọ́ọ̀tì yẹ kí a dì ní ìdojúkọ ara wọn, kì í ṣe ní ọ̀kọ̀ọ̀kan yíká, kí a sì tún wọn yẹ̀ wò lẹ́yìn nǹkan bíi kìlómítà 100.

## Ní Agbowó àti Ìbàdàn

Agbowó wà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Àríwá Ìbàdàn, ní òdìkejì ẹnu ọ̀nà Yunifásítì Ìbàdàn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1948. Ọ̀nà tó ti Sàńgó wá, tó gba ẹnu ọ̀nà Yunifásítì kọjá lọ sí Ọ̀jọ́ọ̀, ni ó gba iwájú rẹ̀. Ọkọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, ti ọlọ́jà Bódìjà, takisí Micra àti ọkọ̀ tó ń lọ sí Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ ń pàdé níbẹ̀ lójoojúmọ́.

Gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní gbogbo Ìbàdàn, ọ̀dọ̀ fọkanáísà ẹ̀bá títì ni ọ̀rọ̀ táyà ti ń bẹ̀rẹ̀. Táyà àlòkù tí wọ́n gbé nàró sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni àmì ìsọ̀ rẹ̀. Ẹ̀rọ atẹ́gùn, gééjì, ọ̀pá irin tí a fi ń yọ táyà, ọpọ́n omi tí a fi ń wá ibi tó ń jò àti jáàkì ni irinṣẹ́ rẹ̀. Fọkanáísà tó gbọ́n mọ táyà tó ti yọ kókó ní ẹ̀gbẹ́, ó sì mọ èyí tí a kò gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́: jíjò tó wà ní ẹ̀gbẹ́ táyà kò ṣe é lẹ̀, ti ojú táyà níbi tó ń tẹ ilẹ̀ nìkan ni ó ṣe é lẹ̀. Ṣùgbọ́n bálánsì àti àláínmẹ́ǹtì ń fẹ́ ẹ̀rọ tí ìsọ̀ ẹ̀bá títì kì í sábà ní, nítorí náà iṣẹ́ ìbámu kì í parí sí ọ̀dọ̀ fọkanáísà nìkan.

Ipò ojú ọ̀nà ti mú kí àṣà ọ̀pọ̀ awakọ̀ níbí jẹ́ òdìkejì ti àwọn tó ń rẹ ọkọ̀ sílẹ̀. Wọ́n a máa fi rọ́bà sáàárín sípíríǹgì tàbí kí wọ́n fi nǹkan lé orí ṣọ́ọ̀kì kí ọkọ̀ lè ga, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ má baà kan gegele. Èyí náà ń yí bí táyà ṣe dúró padà, ó sì ń fẹ́ àláínmẹ́ǹtì gẹ́gẹ́ bí rírẹ̀ sílẹ̀ ṣe ń fẹ́ ẹ. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ Ìjàpá tàbí 504 sílẹ̀ ní irú ìlú báyìí ní láti fi táyà tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ga díẹ̀ sílẹ̀. Táyà tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tẹ́ pẹlẹbẹ kò ní rọ́bà tó láti gba ìkọlù kòtò: ríìmù á tẹ̀, okùn inú ẹ̀gbẹ́ táyà á já, kókó á sì yọ.

Ẹrù náà kì í ṣe ohun kékeré. Òǹkà ẹrù táyà Micra, 75, túmọ̀ sí kìlógíráàmù 387 lórí táyà kan, tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ 1,548. Nínú èyí ni ìwúwo ọkọ̀ fúnra rẹ̀, awakọ̀, èrò àti ẹrù ẹ̀yìn wà. Àpò ìrẹsì àti gààrì tí wọ́n bá kó kún èrò láti Bódìjà ti lè gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kọjá ààlà rẹ̀, pàápàá tí táyà náà bá ti gbó.

## Táyà Tòkunbọ̀ àti òfin

Táyà àlòkù wà lára ohun tí Ilé Iṣẹ́ Aṣọ́bodè Nàìjíríà kà léèwọ̀ láti kó wọlé, àyàfi táyà ọkọ̀ akẹ́rù ńlá ìwọ̀n 11.00×20 sókè tí wọ́n fẹ́ tún ojú rẹ̀ ṣe. Síbẹ̀, táyà Tòkunbọ̀ wà káàkiri ọjà nítorí pé owó rẹ̀ kéré sí ti tuntun. Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, FRSC, àti àjọ SON tó ń rí sí ojúlówó ọjà ka ọdún mẹ́rin láti ọjọ́ tí wọ́n ṣe táyà sí òpin ọjọ́ orí rẹ̀. Táyà tó ti lo ọdún mẹ́fà lókè òkun kí ó tó dé Ìbàdàn ti kọjá èyí, bí ojú rẹ̀ tilẹ̀ ṣì jinlẹ̀. Rọ́bà máa ń gbó láti inú, nítorí ooru àti afẹ́fẹ́, kì í ṣe nítorí rírìn nìkan.

Ní ilẹ̀ Britain, òfin ọdún 1994 fàyè gba títa táyà àlòkù, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ jinlẹ̀ tó mìlímítà 2, ó sì gbọ́dọ̀ ní àmì pé àlòkù ni. Láti oṣù Kejì ọdún 2021, wọ́n fòfin de táyà tó ju ọdún 10 lọ ní ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀ akẹ́rù àti bọ́ọ̀sì níbẹ̀. Ìjìnlẹ̀ ojú táyà tí òfin Britain àti ti Ìṣọ̀kan Yúróòpù béèrè lára ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kò gbọ́dọ̀ dín sí mìlímítà 1.6. Gegele kéékèèké tó wà nínú ilà ojú táyà ni a fi ń mọ̀ ọ́n: bí ojú táyà bá ti jẹ dé orí wọn, táyà náà ti parí.

## Ewu àti ìdáàbòbò

Táyà tó bẹ́ lórí eré kì í fún awakọ̀ ní àkókò láti ronú. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹta ọdún 2016, James Ocholi, tó jẹ́ mínísítà kejì ní ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti òṣìṣẹ́, kú pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ nínú ìjàm̀bá ọkọ̀ lójú ọ̀nà Kàdúná sí Abuja. FRSC sọ pé táyà ẹ̀yìn tó bẹ́ àti eré àsápajúdé wà lára ohun tó fa ìjàm̀bá náà.

Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní ipò pàtàkì nínú ìtàn ìdáàbòbò ojú pópó. Ní ọdún 1977 ni wọ́n dá àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ìpínlẹ̀ náà sílẹ̀, pẹ̀lú akitiyan Wọlé Ṣóyínká. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá FRSC sílẹ̀ ní ọdún 1988, Ṣóyínká ni alága rẹ̀ àkọ́kọ́.

Atẹ́gùn inú táyà ni ohun tó rọrùn jù láti bójú tó. Ìwọ̀n tó yẹ wà lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ férémù ilẹ̀kùn awakọ̀ nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, àárọ̀ ni ó sì yẹ kí a wọ̀n ọ́n, kí ọkọ̀ tó rìn. Bí ooru bá fi nǹkan bíi 6°C lé sí i, atẹ́gùn inú táyà á fi nǹkan bíi 1 psi lé sí i. Nítorí náà ẹni tó bá jò atẹ́gùn kúrò nínú táyà tó ti gbóná lójú ọ̀nà yóò rí i ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì pé táyà náà ti dẹ̀. Táyà tó dẹ̀ máa ń tẹ̀ púpọ̀ ní ẹ̀gbẹ́, ìtẹ̀síwá-sẹ́yìn yìí ló ń mú un gbóná, ooru yẹn ló sì sábà máa ń mú kí ó bẹ́. Lórí ọkọ̀ tí a rẹ̀ sílẹ̀, táyà tó dẹ̀ tún ń mú kí fẹ́ńdà sún mọ́ rọ́bà sí i, tó fi jẹ́ pé àìtó atẹ́gùn díẹ̀ lè sọ ìbámu tó dára di èyí tó ń ha.

Bí táyà iwájú bá bẹ́, ohun tí àwọn olùkọ́ awakọ̀ ń sọ ni pé kí awakọ̀ di sítíárì mú ṣinṣin, kí ó má tẹ bíréèkì lójijì, kí ó yọ ẹsẹ̀ kúrò lórí iná díẹ̀díẹ̀, kí ó sì jẹ́ kí eré ọkọ̀ náà dínkù fúnra rẹ̀ kí ó tó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà.